Ojú Ìwé Tó Bá Àkàrà Lọ

Òkè Gádà,
Ẹdẹ,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, 1995.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Adéwálé,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́, ẹ kú àìríra, ẹ kú ọyẹ́ tó ń la ètè lọ́dọ̀ yín ní Kàdúná. Báwo ni orúnkún yín? Ṣé ẹ ti dín ìdúró òru kù lórí àwọn aláboyún, àbí àwọn ọmọ tuntun kò tíì gbọ́ pé agbẹ̀bí ti ń dàgbà? Ṣé Adéwálé ti ríṣẹ́? Bàbá Adéwálé ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti rọlẹ̀? Ẹ bá wa kí wọn kí wọ́n tó sọ pé a kò kí àwọn.

Lẹ́tà tí ẹ kọ ní oṣù Kọkànlá, oṣù Kìn-ín-ní ló dé ọwọ́ mi. Ọkùnrin tó mú un wá ní òun dúró de ọkọ̀ títí ọdún fi yí, òun sì tún sun Jẹ́bà fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí epo bẹtiróòlù. Mo bu omi tútù fún un, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ojú ogun bọ̀.

Tiwa níbí, Bàbá Tèmítọ́pẹ́ ń bẹ. Gbogbo Sátidé ló ń lọ sí oko ìyá rẹ̀ ní Sekona láti lọ hú ẹ̀gẹ́. Tèmítọ́pẹ́ ti ga jù mí lọ. Bàtà tí ẹ rà fún mi ti di tirẹ̀ láìtọrọ. Pẹ̀lúmi ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ ọyẹ́ ni. Èmi náà ń bẹ. Ẹ ó rí i pé n kò kọ ọ́ pé mo wà dáadáa.

Ó rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ẹ mọ ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí kí n tó sùn, tí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń bá ara mi ṣẹjọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò kọ ohunkóhun sí i, nítorí ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ yìí, n kò lè dá a fún ara mi. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rò ó fún.

Ẹ rántí pé olùkọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá dúró ní ilé-ìwé wa lọ́dún tó kọjá, tí wọn kò sì fi ẹnì kankan rọ́pò. Èmi tí wọ́n gbà láti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti di olùkọ́ ìtàn, mo ti di olùkọ́ ìmọ̀ Bíbélì, mo tún ń tọ́jú àwọn ọmọbìnrin tí inú bá ń rùn. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá, tí wọn yóò ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní oṣù díẹ̀ sí i, kò mọ̀ ju ìtumọ̀ kan lọ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ pé "run" ni kí èèyàn sáré, ó tán. Bí wọ́n bá rí i pé odò kan "runs", wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé odò náà ń sáré, wọn yóò sì máa wá ẹni tó ń lé e.

Mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kọ́ wọn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ ohun tí mo ń dáwọ́ lé. Ọmọ ń sáré, "run" ni. Omi Ọ̀ṣun ń ṣàn, òun náà ni. Imú Pẹ̀lúmi ń ṣomi, òun náà ni. Àdìrẹ tí wọn kò rẹ dáadáa ń ṣí sára aṣọ funfun, òun ni. Ẹ̀rọ ìlọta ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ń ná Ẹdẹ sí Òṣogbo, ẹnìkan ń darí ilé ìtajà, àìsàn kan wà tó ń bá ìdílé kan kiri, kẹrosíìnì tán nílé, mo ṣàdédé pàdé ẹni tí mo ń sá fún: òun náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń du ipò ní ìlú, òun náà ni, ṣùgbọ́n n kò fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ayé ṣọ́jà la wà.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì náà, Ibtisam, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìyàwó kejì tó lè bá a pín iṣẹ́ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rò ó. Àwa ti fún odò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, a fún ẹsẹ̀ ní tirẹ̀, a fún imú ní tirẹ̀. Àwọn òyìnbó wá kó gbogbo ẹrù lé ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí, bí ìjọba ṣe kó iṣẹ́ olùkọ́ mẹ́rin lé èmi lórí.

Mo sọ èyí fún Bàbá Bùràímọ̀, ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé wa, tó sì tún jẹ́ bàbá Ibtisam. Ṣé ẹ rántí wọn? Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dé fìlà funfun, tó fi sítáàṣì àti abẹ́rẹ́ tún Bíbélì Ìyá wa rán nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ já. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ fi òyìnbó sílẹ̀. Ẹnu tiwa yìí, kí ni kì í jẹ? Ó ń jẹ iyán, ó ń jẹ oyè, ó ń jẹ gbèsè, ó ń jẹ ìyà. Ǹjẹ́ ó yó rí?"

Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá kan wà ní yàrá ìkàwé náà. Àwọn míṣọ́nnárì ló fi í sílẹ̀ lọ. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo ilé-ìwé tó yí wa ká, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè ra irú rẹ̀ lásìkò tí ìwé kíkà ti gbówó lérí bí wúrà yìí. Òfin ni pé kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà, ó ti ń já ní ìdì ní ìdì, gbogbo ojú ìwé R sì ti bọ́ lódidi, wọ́n kàn tì í bọ àyè rẹ̀ ni. Mo bẹ Bàbá Bùràímọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú ìdì náà lọ sílé, kí n lè da gbogbo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mi kọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí. Wọ́n ń múra àtilọ kírun. Wọ́n ní, "Ẹ mú un lọ, kó padà ní Mọ́ńdè. N kò ní í kọ ọ́ sínú ìwé ìyáwèé, ibi tí à ń kọ orúkọ ẹni tó yáwèé sí. Bí n bá kọ ọ́, a ti rú òfin nìyẹn. Bí n kò bá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, ó wà láàárín wa."

Mo da gbogbo rẹ̀ kọ ní ọjọ́ náà àti ní òwúrọ̀ Sátidé. Mo ka ìtumọ̀ náà kọjá ọgọ́ta kí ọwọ́ mi tó kú. Kí Pẹ̀lúmi má baà fi ọwọ́ ẹlẹ́kọ kàn án, mo fi bébà ìdánwò àtijọ́ àwọn ọmọ wé ìdì náà, mo gbé e sórí àpótí.

Ẹ mọ àṣà wa níbí. Bébà ìdánwò tí a bá ti máàkì tán, aláàkàrà là ń kó o fún, yóò fi èènì sí tiwa. Àwáwù ni mo ń kó tèmi fún, ìyàwó tó ń dín àkàrà ní iwájú mọ́ṣáláṣí kékeré yẹn. Nínú ààwẹ̀ yìí, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, èrò a máa kún ọ̀dọ̀ rẹ̀, bébà ló sì kọ́kọ́ ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti di ìdì kan kalẹ̀ fún un, ó wà lórí àpótí kan náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo na ọwọ́, mo gbé ọ̀kan, mo lọ gba àkàrà mi bọ̀. Èmi fúnra mi ni, Ẹ̀gbọ́n mi. N kò rán ọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Bùràímọ̀ ra àkàrà láti fi ṣínu. Wọ́n ní àwọn ti mu omi, àwọn ti jẹ dàbínù kan, àwọn wá tú àkàrà. Ojú ìwé náà ló wé e. Wọn kì í ka Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn bí ìyá ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò jẹ àkàrà náà mọ́. Àwọn fi àkísà nu epo ara rẹ̀, àwọn tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo tú ìdì ọwọ́ mi ní yàrá àwọn olùkọ́. Bébà ìdánwò ni láti òkè délẹ̀. Kí n tó dìde, mọ́tò alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti wọ ọgbà. A kò retí rẹ̀. Bí ẹni pé wọ́n rán an sí mi, yàrá ìkàwé ló kọ́kọ́ wọ̀, ó ní kí gbogbo wa máa bọ̀. Ó ṣí ìwé ńlá náà. Ó bá Q, ó sì bá S.

Ó ní, "Ta ló ń tọ́jú ibí?"

Bàbá Bùràímọ̀ jáde síwájú. "Èmi ni, sà."

"R dà?"

Wọ́n wo ilẹ̀. Wọn kò wo èmi. Wọ́n ní, "Ikán ni, sà."

Alábẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín. "Ikán? Ikán tó fo Q, tó jẹ R tán, tó wá fi S sílẹ̀? Bàbá, ikán yín yìí ti lọ sí ilé-ìwé nìyẹn. Ó mọ A, B, D."

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. N kò rẹ́rìn-ín, n kò sì sọ̀rọ̀. Èyí ni n kò lè kọ sínú ìwé mi, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sí yín: n kò sọ̀rọ̀.

Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fún Bàbá Bùràímọ̀ ní kúẹ́rì, ìwé tí ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ara wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ó ti gbọ́ pé ìjọba tún ń dín òṣìṣẹ́ kù. Àṣẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa ni pé òṣìṣẹ́ kékeré tí kúẹ́rì bá wà nínú fáìlì rẹ̀, tí àlàyé rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, kí oṣù tó parí ni kó máa lọ. Ọdún méjì péré ló kù kí Bàbá Bùràímọ̀ pé ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá lé kò ní í fẹ̀yìn tì bí ẹni tó sin ìjọba parí. Wọn yóò kàn lọ ni, pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹ sì wo ohun tó tún ṣẹlẹ̀. Ní ilé-ìwé wa, òṣìṣẹ́ tó bá gba kúẹ́rì tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò jinlẹ̀, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá a kọ èsì. Èmi nìyẹn. Bàbá Bùràímọ̀ wá bá mi ní ọ̀sán náà pẹ̀lú kúẹ́rì lọ́wọ́ kan, ojú ìwé elépo ní ọwọ́ kejì. Wọ́n tẹ́ ojú ìwé náà síwájú mi. Ọ̀rọ̀ "run" mi gan-an ló wà níbẹ̀, ihò kan sì ti lu ní àárín rẹ̀ níbi tí epo gbígbóná kàn.

Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ bá mi kọ ọ́ pé ikán ni."

Mo ní, "Bàbá, wọn kò gbà á."

"Bí wọn kò bá gbà á, èmi ni wọn kò gbà gbọ́. Bí ẹ bá kọ òótọ́, àwa méjèèjì la ó jọ lọ, torí èmi ni mo yọ̀ǹda ohun tí òfin ní kí n má yọ̀ǹda. Ta ni yóò wá kọ́ Ibtisam ní Gẹ̀ẹ́sì? Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ yẹn, ṣé èmi ni n ó kọ́ ọ?"

"Bàbá, ẹ ń gbààwẹ̀. Ẹ fẹ́ kí n bá yín kọ irọ́ nínú ààwẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ó kọ ọ́. Ẹ̀yin kò gbààwẹ̀."

Mo kọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ, mo fa bébà mìíràn yọ, mo kọ ti ara mi sí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo mú ìdì R nígbà tí Bàbá Bùràímọ̀ lọ kírun Jímọ̀, pé wọn kò mọ̀, pé ọwọ́ mi ló ti sọnù. Apá kan òótọ́ ni, apá kan irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ Bíbélì. N kò rí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń gba olóòótọ́ là láìpurọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì dá mi lóhùn. Mo mọ wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn kan náà ni mo lọ bá Àwáwù. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń yìn mí: "Ìyá Tọ́pẹ́, bébà yìí dára o! Ó fẹ́lẹ́, kì í já bọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ṣì ní sí i?" Nígbà tí mo sọ ohun tó jẹ́ fún un, ó gbá àyà, ó fi ṣíbí ìdínkàrà sílẹ̀, ó wọlé lọ kó èyí tó kù. Ojú ìwé mẹ́ta péré ló ti lò. Ọ̀kan ti wà lọ́wọ́ Bàbá Bùràímọ̀. Ta ni yóò mọ ibi tí méjì yòókù gbà?

Ní Tọ́sìdeè, ọ̀gá àgbà pe àwa méjèèjì. Bébà méjèèjì wà lórí tábìlì wọn. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tí kò sùn. Wọ́n ní, "Ìwé méjì, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Ọ̀kan ní ikán ni, ọ̀kan ní olè ni. Èwo ni kí n fi ránṣẹ́ sí Òṣogbo?"

Bàbá Bùràímọ̀ ní, "Ikán ni, sà."

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Ẹ dákẹ́. Ẹ̀ ń bá ara yín du ẹ̀bi bí ẹni ń du ẹran." "Bùràímọ̀, bí mo bá fi tìrẹ ránṣẹ́, ó parí fún ọ lọ́la. Míísì, bí mo bá fi tìẹ ránṣẹ́, wọn yóò bá ọ wí, ṣùgbọ́n wọn kò ní í lé ọ. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nílẹ̀ tí wọn yóò fi rọ́pò." Wọ́n ká bébà ikán, wọ́n fi í sínú àpò agbádá wọn. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gba èyí tí mo kọ gbọ́. Mo rò pé ó rẹ àwọn náà.

Èsì dé lánàá. Kúẹ́rì ti jáde kúrò nínú fáìlì Bàbá Bùràímọ̀. Ní tèmi, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní ìlú Ara gẹ́gẹ́ bí ìbáwí, láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Ẹ mọ ọ̀nà náà, ẹ sì mọ̀ pé kò sí epo. Ẹsẹ̀ ni n ó máa fi rìn ní ọjọ́ tí n kò bá rí ọlọ́kadà tó ń lọ. Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá kò ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Wọ́n ní wọn kò lè lé mi torí kò sí ẹni tí yóò rọ́pò mi, wọ́n wá gbé mi lọ láìfi ẹnì kankan rọ́pò mi. Mo rò ó títí, mo fi í sílẹ̀.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ rántí pé ẹ kì í jẹ́ kí n bu àkàrà Ìyá wa sẹ́nu títí n ó fi ka ohun tó wà lára bébà tó wé e. Bí mo bá ṣì í kà, ẹ ó bu ìdajì. Ìyá wa á ní, "Fún un ní oúnjẹ rẹ̀, ìwọ ọmọ yìí!" ẹ ó ní, "Kó kà á ná." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀wé. Ní ọ̀sẹ̀ yìí mo ń bi ara mi léèrè bóyá ọmọ kan wà ní iwájú mọ́ṣáláṣí yẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un jókòó ti ojú ìwé méjì tó sọnù yẹn.

Lánàá, lẹ́yìn tí mo gba lẹ́tà ìbáwí náà, mo lọ dágbére ní yàrá ìkàwé. Bàbá Bùràímọ̀ ti rán ìdì R padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú òwú funfun. Ojú ìwé elépo náà wà níbẹ̀, epo ti jẹ́ kó mọ́ gaara bí gíláàsì fèrèsé, ihò rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní èyí tí mo dà kọ. Mo mú ìwé tí mo dà á kọ sí jáde. Wọ́n fi abẹ yọ ewé mẹ́rin tí mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí, wọ́n fi sítáàṣì pa á létí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí àlàfo wà, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti wà nínú ìwé àwọn òyìnbó báyìí. Wọ́n ní Ibtisam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa wá kà á níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, àwọn fúnra wọn yóò sì máa jókòó ti àwọn ọmọ náà, bí àwọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ìwé ìyáwèé yọ. Wọ́n kọ ọ́ síwájú mi, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mi ní kíkún: mo mú un lọ ní ọjọ́ kẹwàá, mo dá a padà ní ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Mo ní, "Bàbá, bí alábẹ̀wò bá rí i ńkọ́?"

Wọ́n pa ìwé náà dé. Wọ́n ní, "Ẹ ṣáà ti dá a padà."

Ẹ bá mi kí Bàbá Adéwálé àti Adéwálé fúnra rẹ̀. Ẹ kí ìyá arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ ní àgbo ikọ́ tí wọ́n kọ́ mi ti ń ran Pẹ̀lúmi lọ́wọ́. Bàbá Tèmítọ́pẹ́ kí yín, àwọn ọmọ kí yín. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ fi èsì rán an, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan. N ó máa retí rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ara.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ kọ́ ní ìwé kíkà,
Olúfúnkẹ́.